Láti Orí Dírípù Bọ́ Sórí Abẹ́rẹ́: Ìrírí Mi Nínú Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹni tí mò ń kọ èyí sí ni ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé, "A fẹ́ mú yín kúrò lórí dírípù, abẹ́rẹ́ la ó máa gún fún yín báyìí," tí ọkàn rẹ̀ sì dà rú. Mò ń kọ ọ́ sí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ onítọ̀hún pẹ̀lú, torí nílé Yorùbá, aláìsàn nìkan kọ́ ló ń gba ìtọ́jú. Gbogbo ẹbí ló ń dá sí i, àwọn tó wà nítòsí àti àwọn tó wà lórí fóònù.

Apá Woolwich ní London ni mò ń gbé. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò mu sìgá rí láyé mi. Ọdún 2022 ni ikọ́ kan mú mi tí kò lọ, wọ́n ya fọ́tò àyà, wọ́n rí ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gé apá kan ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀tún kúrò, wọ́n fi kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tẹ̀ lé e. Nígbà tí kímò parí, wọ́n ní kí n gba ìmúnótẹ́rápì, ìyẹn oògùn tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara wa bá jẹjẹrẹ jà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún kan kí àìsàn náà má bàa padà wá.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, "Ṣé o máa ń mu sìgá ni?" Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má bi í bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mu sìgá àti ẹni tí kò mu ún, àánú kan náà ló yẹ kí wọ́n rí gbà.

Kí n tó dé orí dírípù àti abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó yẹ kó máa ṣọ́. Kímò máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ sí i, ì báà jẹ́ ti jẹjẹrẹ tàbí ti ara wa; ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí inú ẹnu sì ń bó. Ìmúnótẹ́rápì kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara wa ló ń pa á. Àwọn jẹjẹrẹ kan máa ń gbé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PD-L1 sára, bí olè tó wọ aṣọ ọlọ́dẹ, àwọn ọmọ ogun ara á wò ó, wọ́n á sì kọjá lọ. Oògùn tí wọ́n fún mi, atezolizumab, máa ń di PD-L1 yẹn mú kó má lè ríṣẹ́ ṣe mọ́. Àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn ṣí irú ọ̀nà yìí sílẹ̀, James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá mu. Wọ́n ti yẹ ohun tí wọ́n gé lára mi wò, wọ́n rí i pé PD-L1 tó wà lára rẹ̀ ju ìdá 50 nínú 100 lọ, àti pé kò ní àyípadà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní EGFR tàbí ALK. Àwọn tó bá ní irú àyípadà yẹn, oògùn oníhóró ni wọ́n sábà máa ń fún wọn.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bí wọ́n bá ti tú àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀, wọ́n lè dojú ìjà kọ ara tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n lè bá ìfun jà, tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí awọ, tàbí ẹ̀dọ̀fóró tó kù, tàbí àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń pèsè omi ara, bíi thyroid tó wà lọ́rùn. Inú oògùn ni ewu yìí wà. Bó bá ti iṣan wọlé, ó wà níbẹ̀. Bó bá ti abẹ́ awọ wọlé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú.

Dírípù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ dírípù, ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Wọ́n á ti gba ẹ̀jẹ̀ mi ṣáájú. Bí mo bá dé, wọ́n á wọ̀n mí, wọ́n á wo ìfúnpá, wọ́n á fi nǹkan há ìka mi láti mọ bí atẹ́gùn ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó máa dúró de ilé oògùn. Àwọn yẹn kì í po oògùn títí èsì ẹ̀jẹ̀ á fi jáde tí wọ́n á sì rí i pé ara èèyàn gbé e, torí oògùn olówó ńlá ni, bí wọ́n bá ti pò ó tí aláìsàn ò sì lè gbà á, ó ṣòfò nìyẹn. Inú báàgì omi iyọ̀ 250 mìlílítà ni wọ́n ń po 1200 mìlígíráàmù rẹ̀ sí. Ti àkọ́kọ́ gba wákàtí kan gbáko. Nígbà tí ara mi gbà á láìsí wàhálà, wọ́n dín àwọn tó tẹ̀ lé e kù sí ìdajì wákàtí. Ìdajì wákàtí yẹn kọ́ ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìdúró ni. Lẹ́nu iṣẹ́ kíà, ọjọ́ tí o ò bá lọ, o ò gbowó ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣan tún wà níbẹ̀. Kímò ti ba iṣan ọwọ́ mi jẹ́, ó le gbagidi, èyí tó kù sì sá wọlé. Nọ́ọ̀sì á fi rọ́bà di apá mi, á gbá a pẹ́pẹ́, á gún un, kò ní rí i, á tún gún un. Mo ti sunkún lórí àga yẹn, kì í ṣe torí ìrora nìkan, torí pé mo rò ó pé báyìí ni màá máa ṣe fún odidi ọdún. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ rèé fún ẹni tó ṣì wà lórí dírípù. Ẹ mu omi dáadáa láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú bọ́ọ̀sì, torí ọwọ́ tó bá tutù kì í fi iṣan hàn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ojú kì í sábà rí iṣan, ìka ló ń wá a. Àwọn nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ jù tí mo bá pàdé, ńṣe ni wọ́n ń gbójú kúrò tí wọ́n á máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ títí wọ́n á fi mọ ibi tó wà. Bí ẹnì kan bá ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kó pe ẹlòmíì. Kò sí àrífín nínú ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ohun tí nọ́ọ̀sì náà fi dá mi lóhùn ni pé, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lórí àga yẹn tí mi ò mọyì rẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Èèyàn jókòó síbẹ̀ pẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ojú wọn wà lára rẹ. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan wà láàárín wọn tó máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó kí mi bí kò bá sẹ́ni tó ń wò wá. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ohùn yín ti yí padà. Ẹ sì tún wọ kádígàn, ooru ló ń mú gbogbo wa." Mo ní ara ló ń di àgbà, àti pé òtútù London kì í jáde lára ẹni. Ó bi mí nípa oorun, nípa ìgbẹ́, ó bi mí bóyá mo ti sanra sí i. Ó ní kí wọ́n wo thyroid mi mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó kàn. Thyroid náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ iṣẹ́. Ìmúnótẹ́rápì ló fà á. Wọ́n fún mi ní levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò ohun tí thyroid ń pèsè, tí mò ń lò láràárọ̀ kí n tó fẹnu kan oúnjẹ, ó sì ṣeé ṣe kí n máa lò ó títí ayé. Wọn ò torí ẹ̀ dá ìtọ́jú dúró. Láàárín ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n tan iná nínú ara mi. Ká ní ọmọ yẹn ò rí mi fún ìdajì wákàtí yẹn, mi ò mọ ìgbà tí ǹ bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àjọ MHRA tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Britain gbà kí wọ́n máa gún atezolizumab sábẹ́ awọ. Ibí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbà á láyé. Ilẹ̀ Yúróòpù gbà á ní oṣù kìíní 2024, Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni dókítà mi sọ ọ́ fún mi. Ó ní abẹ́rẹ́ lórí itan ni, ìṣẹ́jú 7 péré.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdí tó fi ké: "Wọ́n fẹ́ dín oògùn rẹ kù nìyẹn! Owó ni wọ́n ń ṣọ́. Má gbà fún wọn o!" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, torí ilé kan náà la ti jáde. Nílé wa, bí àìsàn bá le, dírípù ni ọkàn ẹbí máa ń balẹ̀ sí. Wọ́n á ní, "Wọ́n ti fa omi sí i lára, á yá." Abẹ́rẹ́ ni ti ibà, abẹ́rẹ́ ni ti ọmọdé. Kí wọ́n wá mú oògùn jẹjẹrẹ kúrò nínú báàgì ńlá tó rọ̀ sókè, kí wọ́n fi sínú sírínjì, ó dà bí ìgbà tí wọ́n já èèyàn sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé mo jẹ́ aláìmoore.

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá apòògùn tó wà ní ẹ̀ka wa, kì í ṣe dókítà, torí mo ti kíyè sí i pé àwọn apòògùn máa ń ní àkókò fún ìbéèrè. Ẹ rántí ìyẹn. Mo ti rí iye méjì nínú ìwé tí wọ́n fún mi: dírípù, 1200 mìlígíráàmù, abẹ́rẹ́, 1875 mìlígíráàmù. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo pé wọ́n dín in kù, èmi sì ń wò ó pé ṣé kò ti wá pọ̀ jù báyìí?

Ó ṣàlàyé fún mi tó yé mi. Ohun tó bá gba inú iṣan wọlé, gbogbo rẹ̀ ló bá ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó bá gba abẹ́ awọ wọlé ń rìn díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú un pọ̀ sí i, kí èyí tó máa dé inú ẹ̀jẹ̀ má bàa kéré. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní IMscin001 ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn 371 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n lò, wọ́n fún àwọn kan ní dírípù, wọ́n gún àwọn yòókù lábẹ́rẹ́, wọ́n wá ń wọn oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ti àwọn alábẹ́rẹ́ kò kéré sí ti àwọn onídírípù. Bí àìsàn ṣe ń gbọ́ oògùn àti ìpalára tó ń ṣe fún ara, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Mo tún bi í bí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á ṣe wọ abẹ́ awọ. Ó ní èròjà kan tó ki wà lábẹ́ awọ wa tí kì í jẹ́ kí omi púpọ̀ ráyè níbẹ̀, pé wọ́n po nǹkan míì tó ń jẹ́ hyaluronidase mọ́ oògùn náà, òun ló ń yọ́ èròjà yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí oògùn lè tàn ká. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ara á ti tún un ṣe. Ó ní ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ti ń fi gún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Herceptin láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ yìí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù. Mo mọ obìnrin méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n gún ní Herceptin.

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Bó o bá ti bi wọ́n tí wọ́n sì dáhùn, ó tán."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá ń ronú abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó gbé èrò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mìlílítà 15 ló wà nínú sírínjì náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í sábà tó mìlílítà kan. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní butterfly ni wọ́n fi wọ itan mi, rọ́bà kékeré so ó mọ́ sírínjì, nọ́ọ̀sì sì jókòó tì mí, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀. Ìgúnwọlé rẹ̀ kò dunni ju ti ẹ̀jẹ̀ gbígbà lọ. Àárín rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n lára. Ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún, ó ń ta mí, mo sì ń rí i tí awọ itan mi ń wú sókè. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú. Nígbà tó yọ ọ́, ibẹ̀ ga sókè, ó sì gbóná. Ó tó ọjọ́ kejì kó tó lọ sílẹ̀ tán. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé ibẹ̀ lè pọ́n, ṣùgbọ́n lára wa kì í pọ́n. Ńṣe ló ń dúdú sí i, ọwọ́ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n nítorí ìgbóná rẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má kàn fojú wò ó kọjá.

Itan nìkan ni wọ́n ń gún atezolizumab sí, kì í ṣe ikùn, kì í ṣe apá. Bí wọ́n bá gún ọ̀tún lónìí, òsì ló kàn, kí ojú ibi tuntun sì jìnnà sí ti àtijọ́ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2.5 ó kéré tán. Wọn kì í gún ibi tó bá le, tó ń dunni tàbí tó fara pa. Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹ sì máa ń gún insulin sí itan, ẹ sọ fún wọn. Ó yẹ kí àwọn abẹ́rẹ́ míì wà níbòmíì.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ èyí. Itan ni, ó túmọ̀ sí pé ẹ ó ká aṣọ sókè. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi kí n tó lọ. Ṣòkòtò tó fún mọ́ra ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n yàn fún mi, kọ́tìnì tó yí wa ká kò sì pa pọ̀ tán. Ojú tì mí gidi gan-an. Láti ìgbà yẹn, ìró ni mo máa ń ró lọ, kì í jẹ́ kí n ṣí ju ibi tó yẹ lọ, mo sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin ni mo fẹ́ kó gún mi. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì mi, kò sì sẹ́ni tó bínú. Mùsùlùmí kan tí a jọ ń dúró sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ itan yìí nìkan ni kò jẹ́ kí òun gbà láti kúrò lórí dírípù. Mo sọ fún un pé kó béèrè, wọ́n sì fún un ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn.

Àkókò wá ńkọ́? Wọn ò parọ́ lórí ìṣẹ́jú 7 yẹn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ nìkan ni ìṣẹ́jú 7 ń gbà. Wọ́n ṣì máa gba ẹ̀jẹ̀, a ṣì máa dúró de èsì, oògùn sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú fíríìjì kí òtútù rẹ̀ dín kù kí wọ́n tó gún un. Lóòótọ́, ó yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò sí pípo sínú báàgì mọ́, kò sí wíwá iṣan, mo sì ń rí iṣẹ́ alẹ́ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé ìṣẹ́jú 7 lòun ń lọ lò máa kó sínú ìjàngbọ̀n.

Ohun tí mo pàdánù nígbà tí mo kúrò lórí àga dírípù ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa dúró wò mí mọ́. Nọ́ọ̀sì á wọlé, á bi mí ní ìbéèrè tó wà lórí ìwé, á gún mi, á kí mi pé ó dìgbà kan ná. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ra ìwé kékeré kan, mò ń kọ ohun tí ara mi ń ṣe sí i lálaalẹ́: iye ìgbà tí mo lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá ikọ́ wà, bóyá mo mí hẹlẹ nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn ilé wa, bóyá ara ń yún mi, bóyá orí ń fọ́ mi. Bí nọ́ọ̀sì bá bi mí pé, "Báwo ni ara yín?" mi ò sọ pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nílé, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ẹ ka ìwé yín sókè.

Ìwé yẹn ló yọ mí. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ti wà lórí abẹ́rẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn dókítà kì í fi bó ṣe ń ṣe yín wọn gbuuru, iye ìgbà tó fi lé sí ti tẹ́lẹ̀ lóòjọ́ ni wọ́n ń kà. Bó bá ti fi ìgbà mẹ́rin lé, ó ti kúrò ní kékeré lójú wọn. Mo ṣí ìwé mi, mo kà á, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀, inú sì ń lọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá agbo jẹ̀dí ní Peckham. Mi ò gbà. Ohun tó ń fọ inú kò bá ìfun tó ti ń bó mu. Àní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹ má lò ó kí ẹ tó pe ilé ìwòsàn, torí ó lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì ń jà lábẹ́nú.

Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa pé ká máa pè tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní kí n lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì tó bá sún mọ́ mi. Dókítà ọ̀dọ́ tó rí mi níbẹ̀ ní oúnjẹ ló fà á, kí n máa mu omi, kí n máa lọ sílé. Mo mú kàádì tí wọ́n fi ń dá àwa tó ń gba ìmúnótẹ́rápì mọ̀ jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ dókítà rò pé kímò ni gbogbo oògùn jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú ìpalára méjèèjì yàtọ̀ síra. Ó kà á, ó lọ pe àwọn dókítà mi. Nígbà tó padà, ìṣe rẹ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sitẹ́rọ́ọ̀dù fún mi, ìyẹn prednisolone, láti pe àwọn ọmọ ogun ara padà sẹ́yìn. Ó rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n kíkúrò lórí sitẹ́rọ́ọ̀dù gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Ẹni tó bá kàn dá a dúró nítorí pé ara ti yá, ó lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Oorun ò kùn mí, ojú mi wú, ebi ń pa mí ṣáá. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró títí sitẹ́rọ́ọ̀dù mi fi dé orí ìwọ̀n kékeré, ká tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi bi mí lẹ́yìn náà pé, "Mọ́mì, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló ṣe yín báyìí? Ẹ ò ṣe ní kí wọ́n dá yín padà sórí dírípù?" Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa béèrè. Dírípù ló ba thyroid mi jẹ́, abẹ́rẹ́ ló dá gbuuru sílẹ̀, oògùn kan náà ló sì wà nínú méjèèjì. Ṣíṣí padà kò ní yí ìyẹn padà.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé kí gbogbo èèyàn gba abẹ́rẹ́. Ìwádìí míì wà, IMscin002, tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn tọ́ méjèèjì wò kí wọ́n tó bi wọ́n léèrè. Nǹkan bíi 7 nínú 10 ló fẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn tó kù náà ní ìdí tiwọn. Ìyá kan tí mo mọ̀ ń gba ìmúnótẹ́rápì pọ̀ mọ́ kímò. Inú iṣan ni kímò rẹ̀ ń gbà, abẹ́rẹ́ lórí itan á kàn fi ìrora kún ìrora ni. Ẹni tí wọ́n ti fi ohun èlò sí láyà tí dírípù ń gbà wọlé láìwá iṣan, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro tí abẹ́rẹ́ wá yanjú. Ẹni tó sì ń gbé lóun nìkan, tí àga dírípù jẹ́ ibi kan ṣoṣo tó ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀, mi ò ní sọ fún un pé kó yára kúrò níbẹ̀.

Oògùn tèmi nìkan kọ́ ló ti di abẹ́rẹ́. Nivolumab ti di gígún sábẹ́ awọ ní Amẹ́ríkà láti òpin 2024, England náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2025, ìṣẹ́jú 3 sí 5 ló ń gbà. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti pembrolizumab: ìṣẹ́jú kan bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, méjì bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà. Ìwọ̀n oògùn àti ibi tí wọ́n ń gún un sí yàtọ̀ síra, torí náà, ẹ má fi ohun tí wọ́n ṣe fún mi ṣòdiwọ̀n fún oògùn míì.

Ẹnì kan pè mí láti Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti di abẹ́rẹ́, ṣé mo lè bá wọn rà á ránṣẹ́ kí nọ́ọ̀sì àdúgbò máa gún un nílé? Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, àìlówó àti ìfẹ́ bàbá ẹni. Mo ní kó má ṣe é. Inú fíríìjì ni oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti ilé iṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ẹni tó bá gbé e sínú báàgì gba pápákọ̀ òfuurufú kọjá, kò mọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò PD-L1, EGFR àti ALK gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí wọ́n má bàa fi owó ilé ra ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ lára bàbá. Bí ìfun tàbí ẹ̀dọ̀fóró bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lóru, ta ni nọ́ọ̀sì àdúgbò máa pè? Mo ní kí wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka jẹjẹrẹ, bíi UCH níbẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ibùdó jẹjẹrẹ tó wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ béèrè àyẹ̀wò.

Ọdún mi ti pé, wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ dúró. Mo ṣì ń lọ ya fọ́tò àyà, mo ṣì ń lo levothyroxine, mo ṣì ń kọ ìwé mi, torí dókítà sọ pé ìpalára oògùn yìí lè yọjú lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí èèyàn ti parí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ lọ̀ yín, ẹ bi wọ́n ta ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì, nọ́ńbà wo ni wọ́n ń gbé lóru, àti ìgbà wo ni wọ́n máa ń wo thyroid nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ gba ìdáhùn náà sílẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó ká aṣọ sókè.